Ìgbádùn Àjọ̀dún Heavy Metal: Ẹ Bi Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Pátápátá

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ ń jẹ́ kí àwa tí a wà ní Òkè Ọya máa rí ìwé ìròyìn Yorùbá kà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ tí ìyá kan láti Karu kọ sí ojú ewé àwọn òǹkàwé láìpẹ́ yìí, tí wọ́n ń béèrè pé kí ni ọmọ ènìyàn ń gbádùn níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n ń mi orí bí ẹni tí nǹkan gùn, tí ìró gìtá sì ń mi ilẹ̀ tìtì. Ọmọ wọn ọkùnrin ni ó sọ fún wọn pé òun ń tọ́jú owó kí òun lè lọ síbi àjọ̀dún orin heavy metal, ìyẹn orin gìtá líle, kan ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà sì kó wọn láyà sókè, pàápàá ní ti etí rẹ̀ àti ti agbo tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń kọlu ara wọn. Ìbéèrè wọn tọ́, òbí gidi ni yóò béèrè bẹ́ẹ̀. Èsì tí àwọn kan fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà ni kò tọ́ lójú tèmi, pé ariwo lásán ni, pé ọtí àti ìwà ìpáǹle ni ó ń kó wọn jọ. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tí ó ti débẹ̀ rí tí ó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kálàmù.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá, ẹ̀rọ orin ni mo ń yá àwọn ènìyàn ní Àbújá níbí: sípíkà, máìkì, míṣà tí a fi ń darí ohùn, títí kan jẹnẹrétọ̀. Mo ti kó wọn lọ síbi ìgbéyàwó, síbi ìsìn ìta gbangba, síbi ìpolongo ìbò àti síbi eré àwọn olórin, láti Eagle Square títí dé Gwagwalada. Láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé ní Jos ni mo ti fẹ́ràn orin heavy metal, n kò sì tíì fi í sílẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin lọ ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Hamburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi láti lọ sí Wacken, abúlé tí àwọn olólùfẹ́ orin yìí káàkiri ayé mọ̀ jù lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá wa mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ibikíbi tí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ bá ti dùn, ó dùn nítorí pé àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ro ti ẹni tí ó dúró sí ẹ̀yìn pátápátá, ẹni tí kò mọ olórin kankan, tí kò mọ olówó kankan, tí ó kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó sì wọlé.

Abúlé àgbẹ̀ ni Wacken, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ní 1990 ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, Thomas Jensen àti Holger Hübner, bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún náà níbẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ènìyàn sì ni ó wá lọ́dún àkọ́kọ́. Lónìí, nǹkan bí 85,000 ni ó ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Bí èrò bá pọ̀ tó báyìí sínú abúlé kékeré, ènìyàn yóò rò pé àwọn ará ibẹ̀ yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni, àmọ́ iwájú ilé wọn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ta kọfí àti búrẹ́dì fún àwọn tí ń kọjá lọ, ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn panápaná abúlé náà sì máa ń gun orí ìtàgé láti ṣí àjọ̀dún. Mo rí àgbàlagbà kan tí ó gbé àga sí ẹnu géètì rẹ̀, tí ó ń bọ àwọn ọmọ tí wọ́n kun ojú wọn ní funfun àti dúdú lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá, inú àwọn ọmọ náà sì ń dùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn, nítorí iṣẹ́ mi ni, àti nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí kò mọ orin yìí ti máa ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé bí ó bá ṣe pariwo tó ni yóò ṣe dùn tó. Ẹgbẹ́ Black Sabbath láti Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá orin náà sílẹ̀, 1970 sì ni àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Tony Iommi tí ó ń ta gìtá fún wọn ti pàdánù orí ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ irin tí ó ti ṣiṣẹ́ kí ó tó lókìkí, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ó sì fi ń tẹ okùn gìtá nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó ṣe adé kéékèèké bọ orí ìka náà, nígbà tí ó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí ó lè rọ̀ fún un láti tẹ̀. Okùn tí a bá dẹ̀ máa ń dún nísàlẹ̀, ó sì máa ń rinlẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé e náà mú un bẹ́ẹ̀, títí tí ohùn ìsàlẹ̀ fi di ìpìlẹ̀ orin náà.

Ohùn ìsàlẹ̀ yìí ni ó máa ń kọlu àyà ẹni, òun ni ó sì ṣòro jù láti darí. Bí a bá tú u sílẹ̀ láìṣètò, yóò bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀: a kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin, a kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín gìtá méjì, ìlù náà yóò sì wúlẹ̀ máa hó gùdùgùdù. Onílù heavy metal ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá ìsàlẹ̀, àwọn tí ó yára nínú wọn sì lè lù ú ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn sì rèé, nǹkan bí mítà 340 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá dúró ní mítà 170 sí orí ìtàgé yóò rí ọ̀pá onílù tí ó balẹ̀ ná, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Bí a bá wá gbé sípíkà mìíràn sí àárín pápá nítorí àwọn tí ó wà lẹ́yìn, tí a kò dá ohùn tirẹ̀ dúró díẹ̀ kí ti iwájú lè bá a, lẹ́ẹ̀mejì ni wọn yóò máa gbọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì dàrú mọ́ra wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé òpó sípíkà kalẹ̀ ní ìpele ìpele sínú pápá ńlá, tí wọ́n á wọn jíjìnnà òpó kọ̀ọ̀kan sí orí ìtàgé, tí wọ́n á sì fi ẹ̀rọ dá ohùn rẹ̀ dúró ní ìwọ̀n tí ó bá jíjìnnà náà mu. Iṣẹ́ tí kò hàn sójú ni, owó ńlá ni ó sì ń gbà. Ẹni tí ó wà níwájú kò mọ̀ pé wọ́n ṣe é, nítorí kò kàn án. Ẹni ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Mo rìn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ní Wacken nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, torí ohun tí mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ nìyẹn. Mo dúró lẹ́bàá àwọn tí ń ta oúnjẹ, níbi tí àwọn olórin ti kéré lójú bí èèrà, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ìró àwo idẹ onílù tí ó dá yàtọ̀ sí ti gìtá, mo sì ń gbọ́ ibi tí akọrin ti mí. Àárín èrò gan-an ni àgọ́ àwọn tí ń darí ohùn wà, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohun tí èrò ń gbọ́. Níbi ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ti pè mí ní Àbújá, ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni wọ́n máa ń ní kí n gbé míṣà mi sí, nítorí pé tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì ti gba àárín pápá. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé kò gbọ́ ohun tí ń dé etí àwọn tí ó sanwó, ìméfò ni ó ń ṣe. Mo ti bẹ àwọn olùṣètò lórí èyí títí ó fi sú mi.

Ní ti ewu etí tí ìyá wa mẹ́nu bà, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí olólùfẹ́ orin kankan fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2022 pé kí ohùn níbi irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ má ṣe ju dẹ́síbẹ̀lì 100 lọ (dẹ́síbẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ti le tó) bí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀ lórí ìṣẹ́jú 15, pé kí wọ́n máa pèsè ohun tí a fi ń dí etí fún èrò, kí ibi tí ó pa rọ́rọ́ sì wà tí ènìyàn lè lọ fi etí rẹ̀ sinmi. Ohun ìdítí yẹn kì í pa orin, ó kàn ń dín in kù ni, olówó pọ́ọ́kú sì ni. Kí ọmọ yín ní tirẹ̀ lápò, kí ó sì lò ó.

Lẹ́yìn ohùn, àkókò ni. Ní Wacken, ìtàgé ńlá méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń ṣeré lórí èkíní, àwọn òṣìṣẹ́ á ti máa to ohun èlò ẹgbẹ́ tí ó kàn sórí èkejì, bí ti àkọ́kọ́ bá sì parí, kò ní pẹ́ rárá tí ti èkejì yóò fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ wákàtí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan síta tipẹ́, gbogbo ènìyàn ni ó sì ní in lọ́wọ́. Àwọn olólùfẹ́ orin máa ń jókòó ti ìwé yẹn bí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò, wọ́n á máa jiyàn pé èwo ni kí àwọn fi sílẹ̀ kí àwọn lè rí èwo, ìjiyàn náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ara ìgbádùn. Wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá gbà pé aago márùn-ún tí a kọ sílẹ̀, aago márùn-ún náà ni. Èmi ti bá wọn gbé ẹ̀rọ lọ síbi eré kan ní ìlú yìí tí wọ́n kọ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aago mọ́kànlá òru sì ti lù kí olórin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá tó dé. Àwọn tí ó wá láti Nyanya àti Mararaba ti ń wo ojú ọ̀nà nígbà náà, nítorí wọ́n mọ ohun tí wáń chàǹsì ń ṣe fún ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn lọ kí ó tó kọ orin kan ṣoṣo. Àwọn tí ó fi mọ́tò ara wọn wá ni ó gbádùn eré náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iwájú ìtàgé náà. Níbí, ẹni tí ó bá ra tábìlì ni ó ni iwájú. Ìgò á wà lórí tábìlì, àwọn ẹ̀ṣọ́ á dúró láàárín rẹ̀ àti àwọn tí ń fò sókè lẹ́yìn, olórin á sì máa kọrin fún àwọn tí ń wo fóònù wọn. Ní ibi tí mo lọ, ẹni tí ó bá tètè dé tí ó sì lè dúró ni ó ni iwájú, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Mo mọ̀ pé owó tábìlì ni ọ̀pọ̀ olùṣètò fi ń san owó olórin ní ìlú wa, n kò sì sọ pé kí wọ́n pa á tì. Kí wọ́n gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́, lórí pèpéle tí ó ga díẹ̀, wọn yóò rí ìtàgé dáadáa láti ibẹ̀, kí àyè iwájú sì wà fún àwọn tí orin ń gbé lẹ́sẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ó bá ìyá wa lẹ́rù jù, ìyẹn agbo tí ó máa ń là láàárín èrò nígbà tí orin bá gbóná, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré yí po tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn. Láti òkèèrè, ìjà ni ènìyàn yóò pè é. Mo dúró lẹ́bàá rẹ̀ pẹ́, mo sì rí i pé ó ní òfin tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí gbogbo wọn sì mọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́. Àwọn tí ó ga tí ó sì sígbọnlẹ̀ ni yóò dúró yí i ká, tí wọ́n á fi ẹ̀yìn dí àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n kọlu àwọn. A kì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún ènìyàn, a kì í nawọ́ sí obìnrin. Ẹni tí ó bá ṣubú, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin ni yóò ti gbé e dìde kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti wà nílẹ̀. Ojú mi ni awò ojú ọmọbìnrin kan ṣe já bọ́ sínú agbo. Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbo náà dúró lójú ẹsẹ̀, àwọn mélòó kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù. Nígbà tí ó rí awò náà, ó gbé e sókè lókè orí rẹ̀ títí tí olówó rẹ̀ fi rí i, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹrẹ̀ ara awò náà kí ó tó fi lé e lọ́wọ́, ó sì padà sẹ́nu ohun tí ó ń ṣe. Orin kò dáwọ́ dúró ní gbogbo àkókò yẹn.

N kò ní torí èyí sọ pé ewu kò sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, ọ̀dọ́ méjì kú níbi àjọ̀dún orin kan ní Donington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ẹgbẹ́ Guns N' Roses ń ṣeré. Èrò ibẹ̀ ju 100,000 lọ, òjò ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ìrọ́gììrì bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ṣubú, àwọn mìíràn sì ṣubú lé wọn. Wọn kò ṣe àjọ̀dún náà rárá ní 1989, ìgbà tí wọ́n sì padà ṣe é ní 1990, wọ́n fi gbèdéke lé iye èrò, wọn kò jẹ́ kí ó ju 72,500 lọ. Ní 2000, ènìyàn mẹ́sàn-án kú ní Roskilde ní Denmark níbi eré ẹgbẹ́ Pearl Jam. Àwọn tí ó wà níwájú ni ó kú nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó máa ń sábà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan tí kò sì gbọ́ nǹkan ni ó máa ń tì síwájú. Kò mọ̀ pé ìgbésẹ̀ kan tí òun gbé yóò para pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ̀rún mìíràn, yóò sì di ẹrù lórí àyà ẹnì kan tí kò rí rí. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń gbọ́ dáadáa, tí ojú amóhùnmáwòrán ńlá sì wà tí ó fi ń rí ìka onígìtá, kí ni yóò máa tì síwájú fún? Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òpó sípíkà. Àwọn irin ìdènà tí wọ́n fi ń pín èrò iwájú sí ọ̀nà ọ̀nà lónìí, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kọjú sí èrò tí wọ́n ń na omi sí wọn, tí wọ́n sì ń fa ẹni tí ó bá rẹ̀ jáde, irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ àwọn olùṣètò lẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Ní ti òjò, ọdún 2023 ni ó fi bí àwọn ará Wacken ti ń ṣe nǹkan wọn hàn. Òjò rọ̀ títí tí pápá fi di àbàtà, ọkọ̀ kò sì lè wọ ibi ìpàgọ́ mọ́. Wọ́n kéde pé kò sí ẹni tí yóò tún wọlé mọ́ yàtọ̀ sí àwọn tí ó ti dé, wọ́n sì ṣètò láti dá owó àwọn tí kò rí àyè wọlé padà. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn wọra, àwọn tí ó ti rin ìrìn àjò jíjìn ni ó dùn jù. Àmọ́ wọ́n tún ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, nítorí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣòwò.

Ibi ìpàgọ́ yẹn tún ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni ó kó o mọ́ra, nítorí náà kò sí ẹni tí ń sáré wá ọkọ̀ lóru. Ní òwúrọ̀, ènìyàn á jí, á rí aládùúgbò tí kò mọ̀ rí tí ó ń se omi gbígbóná, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára aṣọ ara wọn. Garí tí mo gbé lọ láti Kubwa ni mo fi bá tọkọtaya kan láti Poland dọ́rẹ̀ẹ́. Ọkọ fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà àti omi tútù. Ìyàwó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó ni orin yìí. Àwọn olólùfẹ́ heavy metal ní Botswana lókìkí fún ẹ̀wù awọ àti fìlà etí gbòòrò tí wọ́n máa ń wọ̀ nínú oòrùn, ẹgbẹ́ Overthrust láti ìlú Ghanzi sì ń ṣètò àjọ̀dún tiwọn níbẹ̀ nígbà òtútù. Ní Togo tí ó bá wa pààlà dé tán, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor láti Lomé da ìlù ìbílẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ gìtá líle. Ní ilẹ̀ wa, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ilé-ìwé St Gregory's College ní Èkó ni ó dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, BLO náà sì wà, tí Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu jọ ṣe. Wọn kì í ṣe heavy metal gan-an, àmọ́ ẹni tí ó bá gbọ́ gìtá wọn yóò mọ̀ pé etí àwọn ọmọ wa ti ń fẹ́ ohùn tí ó le láti ọjọ́ tó pẹ́.

Ṣé irú rẹ̀ lè wáyé ní Àbújá? Mo gbà pé ó lè wáyé, bí kò tilẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹgbẹ̀rin ni Wacken fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Òkè Ọya kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó èrò jọ sí gbangba. Hawan Sallah, ìyẹn àjọ̀dún ẹlẹ́ṣin ní Kano, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2024, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ èrò máa ń rí i, nítorí orí ẹṣin ni àwọn olóyè wà, wọ́n sì ń kọjá lójú gbogbo ènìyàn dípò kí wọ́n dúró síbì kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é níbí gbọ́dọ̀ mú àkókò rẹ̀ dáadáa: òjò Àbújá kì í fi bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró kí oṣù Kẹwàá tó parí, bí ọyẹ́ bá sì ti wọlé tán, eruku rẹ̀ á gbẹ ọ̀fun akọrin, á sì wọ inú míṣà mi títí tí bọ́tìnnì rẹ̀ yóò fi máa há. Oṣù Kọkànlá ni mo fọwọ́ sí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó parí kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, kí ó sì gba bọ́ọ̀sì sílẹ̀ tí yóò gbé èrò dé Kubwa, Lugbe àti Nyanya, kí owó bọ́ọ̀sì náà sì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó lọ bá àwọn tí ó wà ládùúgbò, pàápàá mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n mọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, kí orin sì dákẹ́ ní àkókò ìrun. Kí jẹnẹrétọ̀ jẹ́ méjì. Kí omi mímu wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, kí iná sì wà ní ojú ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀.

Ìyá wa ní Karu, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi ọmọ yín bóyá orin náà dára. Ẹ bi í pé níbo ni yóò sùn, báwo ni yóò ṣe padà sí ìlú tí ó ti wá, ṣé wọ́n ti kọ wákàtí àwọn ẹgbẹ́ síta, ṣé omi ọ̀fẹ́ wà, ta ni yóò sì ké sí bí ara rẹ̀ kò bá yá. Bí ó bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkólòlò, àjọ̀dún tí a ṣètò dáadáa ni ó ń lọ. Ní ti ẹ̀yin olùṣètò eré ní ìlú yìí, kí ẹ tó ṣí géètì, ẹ jẹ́ kí onílù lu ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ̀yin fúnra yín sì rìn lọ dé ìdí ògiri ẹ̀yìn láti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tí ó yá yín ní ẹ̀rọ, kí ó tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.